Àtẹ̀gùn Ẹgbẹ̀ta Ó Lé Méje

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń padà sí mi létí ni mímí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń gùn ún. Òṣèré ni, fíìmù la sì ń ṣe. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni mí nígbà náà ní Odode, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n wá kọ́ àwọn òṣèré tó ti Èkó wá bí àwọn àgbà Ìdànrè ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé ohùn tiwa yàtọ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ahọ́n ara rẹ̀ ni yóò máa bù jẹ. Orí mi wú. Èmi tí iṣẹ́ mi ò ju kí n máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n dákẹ́, mo wá di ẹni tí àwọn tí à ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ń pè ní Àǹtí Tísà. Tí mo bá ń kọjá lọ́jà, mo ń rìn bí ẹni tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé.

Ọmọ ìlú wa ni obìnrin tó ni fíìmù náà. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí, Èkó ló sì ń gbé. Ó ti ṣe fíìmù méjì ṣáájú, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì gbé méjèèjì lọ kó tó jèrè kankan nídìí wọn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà kó tó lè ṣe é. Kò fi pa mọ́ fún wa. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ṣèlérí pé àwọn yóò rà á, "ṣùgbọ́n tó bá fi lè jáde kó tó dé ọwọ́ wọn, wọn ò ní í rà á mọ́. Oko mi ti lọ gbé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Mo búra nínú ara mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ obìnrin yìí, èmi gan-an ni màá mú un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibi àtẹ̀gùn, mo rí nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìtàn náà dá lórí arúgbó kan tó fẹ́ fojú kan ilé tí wọ́n bí i sí lórí òkè, níbi tí ìlú wa wà tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Tó bá gun àtẹ̀gùn náà tán, yóò jókòó sórí àpáta, yóò sì sọ iye tó kà. Ìgbà márùn-ún ni Ọ̀gá ní kí òṣèré náà sọ ọ́, iye tó sì ní kó sọ ń yàtọ̀ síra: ẹgbẹ̀ta dín mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta ó lé méje, ẹgbẹ̀ta ó lé ogún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìdànrè, kò sí ẹni méjì tí ẹnu wọn kò lórí iye àtẹ̀gùn yẹn. Onílé á kà á, àlejò á kà á, wọ́n á dé òkè tán, wọ́n á tún máa fi òógùn jiyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ Ọ̀gá lójú ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ọ̀kan jàre. Ta ló máa wá bá yín kà á?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí Tísà."

Nígbà tí fíìmù parí, ó fún àwa márùn-ún ní fúláàṣì kọ̀ọ̀kan pé ká wò ó ká sì sọ ibi tó bá kù sí: ẹni tó ya àwòrán, ẹni tó ṣe orin, ẹni tó tún ohùn ṣe, òṣèré àgbà yẹn, àti èmi. Ó kìlọ̀ fún wa pé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Kúrò bí i báwo? Mo fi tèmi sínú pọ́ọ̀sì, mo fi pọ́ọ̀sì sínú báàgì, mo gbé báàgì há abíyá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo yọ ọ́ fún, bàbá mi ni. Orí òkè ni wọ́n bí wọn sí, orúnkún ò sì jẹ́ kí wọ́n lè gùn ún mọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ki fúláàṣì náà bọ tẹlifíṣọ̀n wọn. Nígbà tí ojúde ilé wọn yọ, wọ́n ṣí fìlà lórí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ sípàdé àwa olùkọ́, mo padà dé nírọ̀lẹ́, mo gba fúláàṣì mi. Ṣé bàbá ẹni náà ni èèyàn á tún máa ṣọ́ ni?

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí mo ń kọjá níwájú gáréèjì, tí mo gbọ́ ohùn Ìdànrè tí èmi fúnra mi fi kọ́ òṣèré nínú fóònù ọlọ́kadà kan. Mo dá a dúró. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní, "Àǹtí, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ayé ló ń wò ó." Mo pe Ọ̀gá ní Èkó. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní kí n júwe ibi tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún òun.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ní àmupara. Mo fura sí ẹni tó ya àwòrán, torí ó ra bàtà tuntun. Mo fura sí òṣèré àgbà, torí kò ra nǹkan kan, mo ní ọgbọ́n ló fi ń pa á mọ́. Níkẹyìn gbogbo ìfura mi bà lé ẹnì kan. Ọkùnrin kan wà nítòsí gáréèjì tó ń bá àwọn èèyàn kó fíìmù àti orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì fóònù wọn. Oníkáàdì là ń pè é. Àdúgbò kan náà la ti dàgbà, ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ a sì máa fún àwa ọmọ ládùúgbò ní sàárà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo ní kó jẹ́wọ́. Ó ní, "Wọ́láhì, Àǹtí Tísà, fíìmù àwọn ẹlòmíì, mo ń kó o, mi ò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ti ìlú wa yìí, mi ò fojú kàn án rí." Ìbúra rẹ̀ gan-an ló tún dá mi lójú. Tó bá wò mí lójú, mo ní ojú rẹ̀ le. Tó bá gbójú sílẹ̀, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Mo ròyìn fún bàbá mi bí mo ṣe ń tọ ipasẹ̀ olè náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta." Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń jí fíìmù. Mi ò sọ fún Ọ̀gá, torí Èkó ló wà, níbi tó ti ń bẹ ilé iṣẹ́ yẹn. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ ọjà, èmi ni mo sì ń júwe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n kó káàdì, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Èrò pé jọ, wọ́n ń hó lé e lórí. Oníkáàdì ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi nìkan ló wò. Ó ní, "Àǹtí Tísà, ẹ̀yin náà?" Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú mi sì ń dùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀gá dé láti Èkó, ó sì pe àwa márùn-ún jọ sílé bàbá rẹ̀. Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó tan fíìmù tí wọ́n jí náà. Arúgbó gun àtẹ̀gùn, ó ń mí gúlegúle, ó jókòó, ó ní, "Ẹgbẹ̀ta ó lé méje." Ọ̀gá pa fóònù. Ó ní iye tó wà nínú fúláàṣì olúkúlùkù wa yàtọ̀ síra, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí òun ti jìyà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti wo tèmi nígbà mẹ́rin, ibo ni mo fẹ́ sá gbà?

"Àǹtí Tísà, tiyín ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀ta ó lé méje."

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, síbẹ̀síbẹ̀ ìfura ò tán lára mi. Mo pariwo pé wọ́n ti bá mi pààrọ̀ fúláàṣì ni. Ìtìjú gbá mi mú, mo dìde, mo gba ọ̀nà ilé bàbá mi lọ.

Wọ́n ń sá kòkó lójúde nígbà tí mo débẹ̀. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bí mo ṣe jáde ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ wọn, àwọn tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gun òkè mọ́. Pálọ̀ kún. Àwọn kan rí ojúde ilé wọn, wọ́n bú sẹ́kún. Ìbátan wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bàbá mi sì ní kó kó o sínú rẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà lókè òkun. Lọ́wọ́ àwọn yẹn ló gbà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, olè nìyẹn!"

"Olè báwo?" Wọn ò tiẹ̀ bínú. "Ilé bàbá mi ni mo fi han àwọn ọmọ bàbá mi. Ta ni mo jí i lọ́wọ́ ẹ̀?"

Títí tí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀, mi ò rí èsì ìbéèrè yẹn.

Ilé iṣẹ́ yẹn ò ra fíìmù mọ́. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá, kò ṣépè. Ó ní, "Ká ní wọ́n jí i tà ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí." Fíìmù ẹlòmíì ló ń bá wọn ṣe ní Èkó báyìí. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, mo kọ̀wé pé èmi ni mo ṣi Oníkáàdì mú. Wọ́n dá kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà pẹ̀lú ojú tó ti fọ́. Mo tọ Oníkáàdì lọ, mo kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ṣófo, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan iye tó wà nínú fúláàṣì mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ìbòrí fóònù àti ṣájà ló ń tà báyìí. Tí mo bá ń kọjá, á ní, "Àǹtí Ẹgbẹ̀ta-ó-lé-méje, ẹ káàárọ̀ o!" Àwọn èèyàn rò pé orúkọ ìnagijẹ ni, torí pé mo bá wọn ṣe fíìmù. Mo máa ń dá a lóhùn.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé iyàn ti parí ní Ìdànrè. Gbogbo ìlú ló ti wo fíìmù náà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ló sì gba arúgbó inú rẹ̀ gbọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ ọ́ sínú àròkọ, mo sì máàkì í pé ó tọ̀nà. Lóṣù tó kọjá, mo rọra gun òkè náà, mo ń kà á bí mo ti ń lọ. Iye tí mo kà ò bá tinú fíìmù mu. Àlejò kan tó jókòó lórí àpáta, tó ń nu òógùn, bi mí pé mélòó ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Ẹgbẹ̀ta ó lé méje."

Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Ó dá mi lójú. Tèmi ni."