Ife Omi Bàbá Aláṣọ

Òórùn aṣọ tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, tó ń dàpọ̀ mọ́ òórùn epo pupa tí àwọn obìnrin ń sè lẹ́yìn ilé, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláṣọ ní Òde-Ayé. Ará Ìlọrin ni bàbá náà. Wọ́n ní èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tó gbé ẹrù aṣọ lérí wọ ìlú wa, tó ń kiri láti oko dé oko. Nígbà tí mo fi di olùkọ́, ó ti kọ́lé, ó ti bímọ sáàárín wa, ó sì ń sọ Ìkálẹ̀ débi pé ó lè fi pa wá lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n Ìlọrin kò fi í sílẹ̀. Ilé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kírun nínú ìlú tí gbogbo wa ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá di ọ̀sán Jímọ̀, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i.

Odò kan wà láàárín wa àti ọ̀nà Òkìtìpupa. Lọ́dọọdún ni Bàbá Aláṣọ máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti fi igi ọ̀pẹ ṣe afárá sórí rẹ̀, lọ́dọọdún náà sì ni òjò ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tó kan yíyan ẹni tí yóò lọ ṣe kánsẹ́lọ̀ fún wa, orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Inú mi dùn kọjá sísọ. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ìlú nígbà náà, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ìwọ náà mọ bí tísà kékeré ṣe máa ń rò pé kò sóhun tí òun kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà. Ẹni tí ìlú bá fẹ́ rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ mu ògógóró níwájú àwọn àgbà, kó sì wí pé bí òun bá purọ́ fún ìlú, kí ohun tí òun mu bá òun jà. Akọ̀wé ló sì ń bu ọtí náà. Mo mọ̀ pé Bàbá Aláṣọ kì í fi ọtí kan ẹnu, ẹ̀rù sì bà mí pé àwọn àgbà kò ní gbà. Mo bá rọ omi sínú ìgò kejì, mo gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ta ló máa mọ̀? Àwọ̀ kan náà ni omi àti ògógóró. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ sọ fún òun pàápàá.

Nígbà tó kàn án, mo gbé ife lé e lọ́wọ́, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹ mu ún, kò léwu.” Ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì yíjú sí àwọn àgbà.

“Ẹ̀yin bàbá mi,” ló wí, “omi ló wà nínú ife yìí. N kì í mu ọtí, n kò sì lè fi ẹ̀tàn búra fún yín.”

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní, “Ó fẹ́ fi omi tàn wá!” Òmíràn ní àjèjì ni àjèjì í jẹ́. Bàbá tó bí mi jókòó láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: èmi ni mo bù ú. Ẹnu mi kò là. Bàbá Aláṣọ kò sì wo ibi tí mo wà. Ó rọra gbé ife kalẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oníṣòwò epo kan ló mu ọtí náà lọ́jọ́ yẹn, ó mu ún gbẹ, òun ló sì di kánsẹ́lọ̀. A kò rí afárá. Lọ́dún kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń rọbí, ọmọ dábùú, odò sì kún, a kò lè gbé e kọjá lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Ìyá là á já, ọmọ kú. Bàbá Aláṣọ ló fi aṣọ funfun tí a fi di òkú ọmọ náà ránṣẹ́, kò gba kọ́bọ̀. Bí mo bá ń lọ sílé ìwé láràárọ̀, yóò kí mi látẹnu ọ̀nà pé, “Tísà, ẹ káàárọ̀ o.” Ìkíni yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Àwọn sójà ti gbàjọba nígbà tí wọ́n tún ní kí a mú ẹnì kan wá tí yóò ṣojú ìlú. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Bàbá Aláṣọ, ẹnì kan rẹ́rìn-ín: “Bàbá olómi?” Mo dìde. Mo ní, “Èmi ni mo bu omi náà. Kò mọ̀ nípa rẹ̀.” Bàbá mi bojú wolẹ̀.

Olórí àwọn àgbà wò mí pẹ́. “Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún,” ló wí, kò parí rẹ̀. Ó ní kí n lọ pọn omi wá.

Lọ́sàn-án gangan ni gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Aláṣọ ń wọn aṣọ lọ́wọ́. Olórí àwọn àgbà kọ́kọ́ mu nínú omi náà, àwọn yòókù mu, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ife fún un. Ó búra, ó sì mu ún. Kò pé ọdún méjì tí afárá oníkọnkéré fi wà lórí odò náà.

Mo bi í léèrè nígbà tó darúgbó pé kí ló dé tí kò dárúkọ mi. Ó ní, “Ọmọ wọn ni ọ́. Ẹnu rẹ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.” Ó wá fi kún un pé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, òun ti múra láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun fi omi búra ní gbangba. “Mo rò pé wọn ì bá gbà,” ló wí.

Mo gbà pé wọn ì bá gbà. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Mo pè é ní ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé n kò gbà pé a lè sọ òtítọ́ fún àwọn èèyàn mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti di bàbá àgbà báyìí. Tí mọ́tò bá gbé mi dórí afárá náà, n kì í lè bojú wo omi.