Ìwé Tó Ń Rùn bí Edé

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Màmá àgbà ṣí ìwé ìtàn náà sórí ààrò edé, wọ́n ń yí ojú-ìwé rẹ̀ padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń yí ẹja. Létíkun wa, kò sí ohun tí ọ̀rinrin kì í wọ̀. "Bí iná bá jó o," ni wọ́n wí fún mi, "ìwọ ni màá yan dípò rẹ̀." Èéfín ń ta mí lójú, omi ń lu òpó ilé lábẹ́ wa, mo ń rẹ́rìn-ín.

Òkun ti gba ilé-ìwé abúlé wa, lọ́nà Awoye. Ọkọ̀ la fi ń lọ sí èyí tó kù, omi ọ̀nà ibẹ̀ sì le fún ọmọdé. Ìyá mi ti fẹ́ fi mí sídìí edé pátápátá. Màmá àgbà, ọmọ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá wọn sọ ọ́: "Fi í sílẹ̀ fún mi láàárọ̀. Kó bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án." Ìwé kan ṣoṣo la ní, èyí tí bàbá Màmá àgbà fi sílẹ̀. Òyìnbó kan tó bá ọkọ̀ òkun kọjá ló kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń kà, Màmá àgbà ń túmọ̀. A dé ibi tí òyìnbó náà ti ní àwọn ará etíkun yìí ò mọ ilé kọ́, pé orí igi ni wọ́n ń sùn bí ẹyẹ.

Ìyá mi dáwọ́ edé tí wọ́n ń ṣà dúró. "Ìwé tó ń bú wa lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi? Ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọ̀la, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà."

Ẹ̀rù bà mí. Mo nawọ́ sí ojú-ìwé náà kí n fà á ya, bóyá inú ìyá mi á rọ̀. Màmá àgbà gbá mi lọ́wọ́.

"Bó o bá ya á, kí lo máa fi hàn pé ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ sí wa? Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Òyìnbó ni, Màmá."

"Ṣé ó sùn nílé wa rí?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Lọ bá bàbá tó ń ri òpó ilé mọ́ ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún. Sọ ohun tí ìwé wí fún un, kó o gbọ́ tẹnu rẹ̀ wá. Má fi tìrẹ kún un."

Mo sáré gba orí afárá pákó. Bàbá náà wà nínú omi dé àyà, wọ́n di òpó mú. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ kẹ̀! Ní kó wá kọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí omi bá kún, a ó gbé ọkọ̀ lọ gbé e." Wọ́n wá fọwọ́ lu òpó náà. "Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti le. Bàbá tiwọn ló kọ́ wọn. Sọ ìyẹn náà."

Mo sọ ọ́ nílé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ọkọ̀ títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Tún un kà," ni wọ́n wí. "Ti òyìnbó ṣáájú, kó o tó sọ ti bàbá." Nígbà tí mo parí, wọ́n padà sídìí edé wọn. "Ibo lẹ máa kà lọ́la?"

Ọmọ mi obìnrin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé báyìí. Ìwé ìtàn àtijọ́ kún orí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ wọ́n ti kú tipẹ́, òfin ti yọ̀ǹda wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà. Wọn ò rùn bí edé, àmọ́ èébú ṣì wà nínú òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ju fóònù sórí àga. "Ẹ pa eléyìí rẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní a ò ní ìtàn kankan."

Ìka mi ti fẹ́ẹ́ tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, mo dá a dúró. Mo ní kó pe ìyá mi lábúlé.

"Òyìnbó yẹn tún ti dé?" ni ìyá mi wí fún un. "Fara balẹ̀, kà á fún mi. Má fi tìrẹ kún un."

Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ìròyìn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mo rò pé mo mú un kúrò nídìí ààrò yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi náà ń kẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe dorí kodò tí wọ́n ń ṣa edé.