Lẹ́tà Mẹ́ta sí Màmá ní Gorton

Àṣìṣe ni Oyèmọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé ní yunifásítì, fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń to lẹ́tà àtijọ́, tí wọ́n kọ láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ní ilé ìkàwé kan ní Manchester. Ó kó ti òǹkọ̀wé sínú àpótí kan, ti olórin sínú òmíràn, ti ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò pọ̀ sínú ìkẹta. Iṣẹ́ wọn ló wò. Kò wo ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí.

Bí kò bá rí kókó ìwádìí títí di Ọjọ́ Ẹtì, yóò tún ọdún kan kà. Ní Ọjọ́rú ló rí i pé “Màmá” ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kí.

“Orúkọ bàbá wọn yàtọ̀,” ni obìnrin òyìnbó tó ń darí ìwádìí rẹ̀ wí. “Ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.”

“Mà, èmi náà ń pe onílé mi ní Harpurhey ní Màmá. Ṣé òun ló bí mi?”

Ó sáré wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí. Ilé kan ṣoṣo ni, ní Gorton, àdúgbò kan ní Manchester. Ayálégbé Màmá ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó lọ. Ó kà á nínú lẹ́tà wọn: olórin yọ wáyà dùùrù rẹ̀ fún ẹni tó ń to rédíò láti fi gba ohùn láti ojú ọ̀run, ariwo rédíò náà sì ni òǹkọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gba ilé Màmá àti àwọn ayálégbé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kókó ìwádìí rẹ̀. Nígbà tí mo gbúròó Oyèmọ́lá kẹ́yìn, ó ń kọ́ni ní Rochdale.