Panápaná tí wọ́n ní ó ń tàn

Wọ́n ní àbúrò ìyá mi ń tàn. Wọ́n ní bí iná bá lọ, kì í wá àbẹ́là, ọwọ́ rẹ̀ lásán ló fi ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní ìyẹ̀fun dúdú tó ń lò níbi iṣẹ́ ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé omi tó bá fi wẹ̀ á máa dán bí ojú ológbò. Èmi tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ẹni tó ń forí gbá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ṣé ẹni tó ń tàn nìyẹn?

Ike niṣẹ́ Àǹtí mi. Kì í ṣe ike garawa o, pólímà tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá ni. Á yọ́ ọ sínú omi kẹ́míkà, á kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ kékeré kan á sì yí gíláàsì náà bí òkòtó títí ike yóò fi tẹ́ sórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí awọ àlùbọ́sà á nípọn jù ú lọ. Tan iná elésè-àlùkò sí i, á pọ́n yòò bí ẹyín-iná.

Ìgbà yẹn ni á wá po òmíràn, á bu fúlẹ́rínì, ìyẹ̀fun dúdú ọ̀hún, sí i. Èédú ni fúlẹ́rínì, àmọ́ èédú tó mọ oge í ṣe: hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí róbótó bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fawọ rán, ó kàn kéré ju ohun tójú lè rí lọ ni. Bó bá pò ó dáadáa, ike kò ní tàn mọ́, Àǹtí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo ayé ń yọ̀ tí iná bá dé. Tirẹ̀, àfìgbà tí iná bá kú. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Panápaná níbi iṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà wa lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí nawọ́ sówó, etí apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ iná elésè-àlùkò tí oníṣọ́ọ̀bù fi ń yẹ ayédèrú owó wò, aṣọ pọ́n yòò! Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà? Màmá onílé wa.

“Ẹ kó jáde ní Sátidé,” ni Màmá wí. “Ilé mi ò ní jó.”

Yéè! Yàrá tó ní fèrèsé méjì, tó sún mọ́ ibi iṣẹ́, tí wọ́n tún gbà kí n máa kọrin níbẹ̀, níbo la ti fẹ́ rí irú rẹ̀?

Nígbà tí Sátidé pé, Àǹtí gba gíláàsì mélòó kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó bẹ Màmá títí ó fi tẹ̀ lé wa dé ṣọ́ọ̀bù.

“Ọmọ yìí, má sún mọ́ mi o.” Màmá fi báàgì bo àyà.

“Ẹ kàn wò ó ni, mà.” Àǹtí ti gíláàsì kan sábẹ́ iná. Ó pọ́n yòò.

“Ẹ ò rí i! Ìyẹ̀fun burúkú ọ̀hún nìyẹn!”

“Rárá, mà. Kò sí ìyẹ̀fun kankan níbí. Ike lásán ni, òun ló ta sí mi láṣọ.” Ó gbé ìkejì síbẹ̀. Kò tàn rárá. “Èyí ni mo fi ìyẹ̀fun sí.”

Oníṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú kan gíláàsì. “Ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún dà? Ẹ ti jẹ ẹ́?”

“Kò ṣòfò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sínú ike, á ta hóró iná mànàmáná kan jí. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á, á padà sáyè rẹ̀, ìpadàbọ̀ yẹn ló ń tàn. Àmọ́ olójúkòkòrò ni fúlẹ́rínì. Á já a gbà kíá, ohun tí ì bá tàn á wá di iná tó lè gba wáyà.”

Ó mú gíláàsì kẹta jáde, èyí tó ní ìyẹ̀fun àti wáyà méjì, ó so ó mọ́ mítà tó ń wọn iná mànàmáná, ó gbé e sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà gbéra. Màmá fọwọ́ bo gíláàsì, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ó ṣí i, abẹ́rẹ́ lọ sókè.

“Hàà!” Ó tún bò ó. Ó tún ṣí i. “Ó ń bá mi ṣeré!”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká ra búrẹ́dì wa jàre!” ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

“Ṣe sùúrù! Ṣé ebi máa pa ọ́ kú ni?”

Mo sún mọ́ etí rẹ̀. “Màmá, ìka yín ti ń tàn o.”

Ó fa ọwọ́ yọ fìrì, ó wò ó, ó sì fi báàgì gbá mi léjìká. Ẹ̀rín pa gbogbo ìlà.

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé ká ṣì kó jáde, mà?”

“Kẹ́ ẹ kó lọ síbo? Ẹ jókòó sílé yín jàre.” Ọwọ́ rẹ̀ ti tún wà lórí gíláàsì.

Ike tí kò ní fúlẹ́rínì ló ń tàn. Fúlẹ́rínì ló ń pa títàn rẹ̀.