Ọjọ́ tí mo sọ ìjàpá Bàbá di ọ̀tun

Olùkọ́ ìtàn ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ bí ìwà òmùgọ̀ mi ṣe pọ̀ tó.

Lábẹ́ igi kajú àgbàlá wa ní Ìwéré-Ilé ni ọkọ̀ Bàbá mi máa ń wà, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Búùtù rẹ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kì í sì í mu omi bíi ti mọ́tò ẹlòmíì. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, adìẹ sì ti yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn rí. Mọ́gáàdì ọwọ́ òsì níwájú tẹ̀ wọlé gan-an. Màmá mi ló wà á lu igi kajú yẹn lọ́jọ́ tí Bàbá ń kọ́ wọn ní mọ́tò. Màmá ti di olóògbé báyìí, Bàbá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ibẹ̀ ṣe. Láràárọ̀, wọ́n á fi àkísà nu mọ́tò náà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ibi tó tẹ̀ yẹn díẹ̀, kí wọ́n tó lọ mu ẹ̀kọ.

Èmi o, ojú ń tì mí. Gbogbo ẹgbẹ́ Bàbá ló ti ta tiwọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo ti pe ọkọ̀ yẹn ní ilé adìẹ níṣojú àlejò rí. Bàbá kàn ní, "Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi."

Àfi ọjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan wá ra kajú láti Ìbàdàn. Bó ṣe rí mọ́tò Bàbá, ó ní, "Yéè!" Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, ó ń yẹ abẹ́ mọ́tò wò. Ó ní ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ó ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ rìbìtì kí atẹ́gùn lè gba orí rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, atẹ́gùn ló sì tún ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ní àwọn olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́ ń ṣe ìpàtẹ n'Íbàdàn, òun á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wá mú Bàbá àti ọkọ̀ wọn lọ. Ẹ̀rín Bàbá kò tán bọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, mi ò gbọ́ kí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ síbi kan tó kọjá Ilua tó wà nítòsí wa.

Kí lèmi ṣe? Mo di ọ̀mọ̀ràn. Mo ń ṣàlàyé mọ́tò àtijọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo gbọ́ lánàá. Mo tún rò ó pé a kì í mú ìyàwó lọ sílé ọkọ láìwẹ̀ fún un. Bí Bàbá ṣe lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ilua fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ránṣẹ́ pe àwọn tó ń lu ara mọ́tò láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n lù ú, wọ́n ha á, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa fòò. Wọ́n yọ iná iwájú àtijọ́, wọ́n fi tuntun tó ń ṣẹ́jú sí i. Kò sí ibi kankan tó tẹ̀ mọ́. Mo ní, háà, mo ṣe é!

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dé. Ó wò ó, ó ṣí fìlà. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Mo bi í pé ta ló kú. Ó ní ọkọ̀ ni, pé àwọn kì í mú àgbà tí wọ́n ti sọ di ọmọge lọ síbi ìpàtẹ.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọn ò kí àlejò, bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í fojú di àlejò. Wọ́n lọ tààrà síbi mọ́gáàdì, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ ń yọ̀. Wọ́n lọ wo apá kejì, wọ́n tún padà wá, bí ẹni pé ibi tó tẹ̀ náà ló ṣí lọ. Inú mi bàjẹ́ kọjá sísọ.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn tó ṣe é padà, kí wọ́n tún un tẹ̀ bó ṣe wà."

Bàbá ò gbórí sókè.

"Ṣé ìyá rẹ ló máa wà á lu igi ni?"