Irun tí Ìyá Mi Kò Tú

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí mo jókòó ti ìyá mi lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Iléṣà, tí mo ń bá a di ìgò àdín àgbọn mú. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Òòyà ń há nínú irun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òórùn àdín náà dàpọ̀ mọ́ ti ẹ̀wà tó ń hó lórí sítóòfù. Ìyá mi kò bi ọmọ náà ní ohunkóhun. Ó kàn ń tú irun, ó ń rọra kọ orin sínú. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà sọ fún ògiri pé, "Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń sùn."

"Inú ṣọ́ọ̀bù? Ta ló máa ń ti ilẹ̀kùn?"

"Wọ́n máa ń tì í láti ìta."

Bí ìyá mi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn aráàlú ni, àwọn ará àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá Wẹ́fíà. Ẹ jẹ́ kí n tún èrò kan ṣe níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni kí wọ́n fara balẹ̀ títí ọmọ yóò fi sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní ọmọ tó bá ń wo ojú àgbà, ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ. Nítorí náà ló ṣe ń di irun. Bí ó bá sì ń tú u, yóò máa fi ìka wá orí ọmọ náà, bóyá ibì kan wú tàbí ibì kan bó. Ní ti àwọn ọmọkùnrin, èékánná ló máa ń bá wọn gé.

Aládùúgbò wa kan tó ń ránṣọ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Wẹ́fíà, ẹ kúkú ṣí ṣọ́ọ̀bù onídìrí!"

"Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ fọ orí yín ná."

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti kú nígbà náà, èmi nìkan sì ni ọmọ tí ìyá mi ní. Bó ti wù kí fáìlì pọ̀ tó, kò sí àárọ̀ kan tí mo jáde nílé láìjẹun, tàbí tí yunifọ́ọ̀mù mi kò gbóná láti ìdí áyọ́ọ̀nù.

Nígbà tí wọ́n ń sá kòkó lọ́dún yẹn, olùkọ́ kan wá sí ọ́fíìsì wọn láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó ní ọmọ kíláàsì òun kan, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀, máa ń wá pẹ̀lú ojú ẹgba lára, kò sì wá síléèwé mọ́ báyìí. Ìlànà ọ́fíìsì ni pé kí wọ́n kọ lẹ́tà ṣáájú sí ilé tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀ wò. Ìyá mi kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, a wà ní ìsinmi ránpẹ́ níléèwé, ó mú mi dání, a wọ pijó lọ sí Ìpetu.

Kòkó ni wọ́n sá síwájú ilé náà, òórùn kíkan rẹ̀ sì wọ inú pálọ̀. Àǹtí náà ti gbálẹ̀, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó gbé mínírà tútù fún wa. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà jáde nínú aṣọ Kérésì, wọ́n sì ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú, ó le, ó ń dán.

"Ta ló di irun tó rẹwà báyìí?" ni ìyá mi bi í.

Àǹtí náà ló dáhùn. "Èmi ni, mà. Wọ́n ní mo ń fìyà jẹ ẹ́! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọ ló máa jókòó di irun fún un báyìí?"

Mo rí ọwọ́ ìyá mi nínú báàgì rẹ̀. Ó ti mú òòyà. Ó tún fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún àwọn ọ̀dọ́: láti tú irun tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, lójú rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn da ọbẹ̀ tí obìnrin náà sè nù níwájú àlejò ni. Ìyá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àǹtí náà ló ti bi ọmọ náà ní ìbéèrè.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní kí àwa ọmọ méjèèjì lọ pọnmi ní kànga. Mo ru garawa tèmi. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ náà fi gbé tirẹ̀, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò rù ú?"

"Orí ń dùn mí."

"Ṣé kí n sọ fún màmá mi?"

Ó gbé garawa náà sílẹ̀. "Má sọ o, jọ̀ọ́. Tí ẹ bá lọ tán, èmi nìkan ni mo máa kù síbí."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti sọ ọ́. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kọ́ mi pé ọmọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi ní, "N ó tún yọjú sí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò ní kọ lẹ́tà."

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé. Lọ́jọ́ karùn-ún, olùkọ́ yẹn gbé ọmọ náà wá sí ọsibítù ní Iléṣà. Eyín rẹ̀ ti há pọ̀, ọrùn rẹ̀ ti gan. Nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì gé ṣùkú náà kúrò. Egbò ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi eérú dí i. Dókítà ní ibẹ̀ ni àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì gbà wọ ara rẹ̀. Òjò ló pa kòkó tí wọ́n ní kó máa ṣọ́, ni àǹtí náà fi igi ìdáná lù ú lórí. Ìyá mi kò kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà kú.

Nígbà tí ìyá mi délé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ garawa fún un. Mo ń retí kí ó gbá mi létí. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

"Ó sọ ọ́ fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fà mí jókòó tì í. "Èmi ni ìjọba rán lọ wò ó. Wọn kò rán ọ. Má bá mi ru ẹrù yìí." Lẹ́yìn náà ló sunkún. Mi ò rí i kó sunkún báyẹn nígbà tí bàbá mi kú.

Ọlọ́pàá mú àǹtí náà, ẹjọ́ náà sì falẹ̀ gan-an. Ó kù kí ìyá mi kọ ìròyìn tirẹ̀, ó sì kọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kan wá láti Òṣogbo, ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó fi ìka lé orí ìwé náà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbólóhùn yìí kúrò. Ta ló bi yín?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́."

Mo ti ka gbólóhùn náà láti ẹ̀yìn ìyá mi nígbà tó ń kọ ọ́: "N kò tú irun ọmọ náà nítorí pé ojú àǹtí rẹ̀ ń tì mí." Kò yọ ọ́. Wọ́n gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé, wọ́n ní kó lọ máa to ìwé ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Iléṣà lọ síbẹ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mi ò tún rí i kó di irun ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí tèmi. Ó sì yí ìbéèrè tó máa ń bi mí nírọ̀lẹ́ padà. Kì í bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n kọ́ wa. "Kí lo rí lónìí?" ni ó ń bi mí, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìyá mi ti kú. Èmi náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ojú tó ń dùn mí fi mú mi fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nígbà kan mo yẹ ọmọ kan wò, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, bàbá rẹ̀ sì bú mi níwájú gbogbo iléèwé. Mo bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún bi wọ́n.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí ara ọmọ kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kódà bí yóò bí àwọn onílé nínú. Bí ọmọ tiyín bá sì la ẹnu láàárín ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tó rí. Ká ní a tú irun yẹn, àǹtí náà ì bá bínú sí wa, ìyá mi ì bá sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ì bá ti di ìyá ọmọ báyìí.