Kàlẹ́ńdà Mi Tó Ní Òṣùpá Máa Yọ Láago Méjì Ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí kàlẹ́ńdà fojú mi rí ní Sùúrùlérè níbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà kan, kí wọ́n tó bí mi, òun àti màmá mi jọ dúró wo òṣùpá tó wọ inú òjìji ayé, tó sì pọ́n bí epo. Màmá ti lọ báyìí, ojú Bàbá náà sì ti ń ṣú. Ó ní òun fẹ́ rí irú òṣùpá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó lọ pátápátá. Ó ní kí n wá kàlẹ́ńdà tó ń sọ ọjọ́ rẹ̀, torí lẹ́tà inú fóònù ti kéré jù fún òun.

Mo gba ọjà Tejúoṣó lọ. Kàlẹ́ńdà tí mo rà ń dán yinrin, ìràwọ̀ kún inú rẹ̀, obìnrin tó tà á sì sọ pé òkè òkun ló ti wá. Kí ni mo tún fẹ́? Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo sì yọ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Bàbá kúrò, èyí tí àwòrán àwọn olóyè ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rẹ́rìn-ín.

A rí ọjọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kọ sí i. Ta ló ń jáde wo òṣùpá lọ́sàn-án gangan? Mo ní àṣìṣe ni, aago méjì òru ni wọ́n ní lọ́kàn.

Bàbá, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè n'Íjọra, bi mí pé, "Aago ibo ni, Bùkọ́lá?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá. Ṣé òṣùpá méjì ló wà ni?"

Ó ní lẹ́nu iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá dárúkọ aago láìdárúkọ ibùdókọ̀ ò tíì sọ nǹkan kan. Ó mú awò tó fi ń ka Bíbélì, ó gbé e lé àwọn lẹ́tà tíntìntín tó wà nísàlẹ̀. Ó ní aago Amẹ́ríkà ni! Ó fi wákàtí márùn-ún tí a fi ṣáájú wọn kún un, ó gbé kàlẹ́ńdà àwọn olóyè rẹ̀ padà sára ògiri, ó sì fi bírò kọ "aago méje alẹ́" gàdàgbà sójú ọjọ́ náà.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ní ẹni tó darí ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ máa darí òṣùpá. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ṣètò àláàmù sí aago méjì òru, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn láago mẹ́fà àbọ̀.

Ọ̀pá Bàbá tó ń kan ilẹ̀kùn ló jí mi. "Dìde, Bùkọ́lá. Ọkọ̀ ti wọlé."

Kò lè dá gun àtẹ̀gùn mọ́, èmi ni mo mú un gòkè. Òṣùpá ti yọ lọ́hùn-ún lápá Yábàá, ó pọ́n rokoso. Bàbá di ọwọ́ mi mú, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní bó ṣe rí gan-an lọ́jọ́ ọjọ́sí nìyẹn, àfi pé ọwọ́ màmá mi ló wà lọ́wọ́ òun nígbà yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Ojú sì tì mí, torí bó bá jẹ́ tèmi la tẹ̀ lé, à bá ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kàlẹ́ńdà ojú ọ̀run, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago ibo ni. Kí ẹ sì wò ó bóyá àyè wà níbẹ̀ tí àgbàlagbà lè kọ nǹkan sí, kó sì rí i kà.

Kí ni kàlẹ́ńdà ti fojú tiyín náà rí? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà lógiri wa, ó sì ti ń dà bíi pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ "aago méje alẹ́", Bàbá ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀: "A rí i, èmi àti Bùkọ́lá. Mo kọ́kọ́ jí i ná."